"Kí ni irú ọmọ yẹn fẹ́ lọ ṣe ní yunifásítì?"

Wọ́n máa ń fi àwa ará Èkìtì ṣàwàdà pé bí èèyàn bá ju òkúta sáàárín ọjà wa, orí ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò bà. A kì í bínú sí i, inú wa ń dùn ni. Kòkó àti iṣu ni ọ̀pọ̀ bàbá wa fi rán ọmọ níwèé, ẹlòmíràn ta ilẹ̀ ìdílé sí i. Ìfẹ́ ìwé yìí kò burú, àmọ́ ó ti bí èrò kan tó ta gbòǹgbò láàárín wa, pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ gíga wà fún. Kí ìyá kan sọ níbi ìpàdé òbí pé ó wu òun kí ọmọ òun tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè gba ẹ̀kọ́, wọ yunifásítì lọ́jọ́ kan, kíá ni ẹ ó gbọ́ ọ: "Kí ni irú ọmọ yẹn fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ẹni tó lójú àánú nínú wọn á ní, "Màmá, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, ẹ má dá ara yín lágara."

Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn. Ní 1987, Yunifásítì Alberta ní Kánádà gba àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba ẹ̀kọ́ wọlé, kí wọ́n máa jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Yunifásítì Flinders ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1999. Nígbà tó di 2008, òfin ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ohun tí ìjọba ń náwó sí: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nínú ètò tí wọ́n fọwọ́ sí lè gba owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Pell Grant, bí kò tilẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí girama lọ́wọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti lé ní 300 ní Amẹ́ríkà nìkan báyìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò tí wọ́n bá gbọ́ èyí ni pé wọ́n kàn ń fi dìgírì ta wọ́n lọ́rẹ ni. Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ètò yìí kì í fúnni ní dìgírì. Ìwé-ẹ̀rí tiwọn ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́rin, ohun tó kọ́ gan-an ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó forí ṣe fọrùn ṣe nítorí dìgírì kò pàdánù nǹkan kan. Wọn kì í sì í kó wọn sí yàrá kan lẹ́yìn ọgbà. Òfin Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn là á kalẹ̀ pé, ó kéré tán, ìdajì ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìpèníjà kankan.

Báwo ló ṣe ń rí ní kíláàsì? Ká mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fẹ́ràn oúnjẹ sísè, ká pè é ní Bọ́lá. Olùkọ́ ń kọ́ wọn ní bí oúnjẹ ṣe ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn yòókù á kọ ojú ìwé márùn-ún wá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Bọ́lá ni pé kó fi fóònù ya fọ́tò ìkòkò mẹ́ta, èyí tó lè sùn lórí tábìlì, èyí tó gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì, èyí tó yẹ ká dànù, kó wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún olùkọ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ọ̀nà àtifi hàn pé ó yé e ló yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti wà ní ọdún kẹta ni wọ́n yàn tì í. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń jókòó. Nígbà tó yá, ó sún sẹ́yìn ní ìlà méjì. Nígbà tó tún yá, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà: kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó fi ọmọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, Bọ́lá á lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ nínú ọgbà, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò, kó má sì gbé àwo fún oníbàárà títí alert á fi wọlé. Kó wọ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ láti Fájuyì dé Ìwòròkó, kó gba ṣéńjì rẹ̀ pé, ẹ̀kọ́ ni ìyẹn náà.

Ìdí tí èrò àtijọ́ fi lágbára ni ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ti gbọ́: "Ó ti lé lógún ọdún lóòótọ́, àmọ́ ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́fà ló ní." Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ìdánwò lè sọ pé ìwé tí ẹnì kan lè kà kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n kò lè gba ogún ọdún tó ti lò láyé kúrò lára rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà nídìí ẹ̀rọ ata kan ní Adó tí kò mọ̀wé kà. Abọ́ mẹ́wàá lè tò síwájú rẹ̀ kó má ṣi ọ̀kan mú. Ó mọ ẹni tó fẹ́ kí ata òun kúnná, ó mọ ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ wà fún mọ́ínmọ́ín, kò sì jẹ́ lọ ògì lẹ́yìn ata láìkọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́fà wá kó ṣe é, ká wò ó.

Àwọn kan yóò fẹ́ dárúkọ Pablo Pineda síbí, ará Sípéènì tó ní Down syndrome tó sì gboyè ní yunifásítì. Òótọ́ ni, ó gbà á. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìtàn rẹ̀ kì í bá mi lára mu, nítorí ó ń sọ fún òbí pé bí ọmọ rẹ kò bá lè dà bíi Pineda, kó jókòó sílé. Ọmọ tí kò lè gba dìgírì láéláé gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ kò wá tó ni? Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́, ẹní hínhun ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Ògòtún. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí wọ́n sábà máa ń já àwọn ọmọ yìí sí. Ọ̀gá á gbà wọ́n nítorí àánú, á máa rán wọn ra omi, ọdún á gorí ọdún, kò sí ẹni tó máa ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún wọn. Láàárín ìgbà yẹn ni àbúrò gba àdímíṣàn, tí wọ́n di bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sórí ọkọ̀, ó di Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n kù sílé pẹ̀lú ìyá àgbà àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rẹ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣaláìní ju ohunkóhun lọ, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ní ti owó, ìwádìí tó ń tẹ̀ lé àwọn tó jáde nínú àwọn ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó sí fi hàn pé ó ju ìdajì wọn lọ tó ń gba owó iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Láàárín àwọn àgbà tó ní irú ìpèníjà yìí lápapọ̀, àwọn tó níṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í ṣe ètò náà nìkan ló fà á o. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti ń jà fún láti kékeré ló ń dé ibẹ̀.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mi ò ní fojú kéré. Àwọn ìyá máa ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé àwọn ọkùnrin á fipá bá ọmọbìnrin àwọn sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀, nínú ilé náà ló sì ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ètò tó bá jáfáfá máa ń kọ́ wọn ní orúkọ ẹ̀yà ara wọn, bí wọ́n ṣe ń sọ "mi ò fẹ́", àti ẹni tí wọ́n máa sọ fún. Èkìtì ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ látọdún 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019, àmọ́ òfin kò lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí a kò kọ́ bó ṣe máa rojọ́.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹnubodè ló ṣòro. Òfin àpapọ̀ tó ka fífi ìyà jẹ àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní Oṣù Kìíní 2019, fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Lẹ́yìn girama ni JAMB àti kírẹ́díìtì márùn-ún. JAMB gbìyànjú: láti 2017 ni ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí ti ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú. Ṣùgbọ́n afọ́jú tó mọ̀wé ni ìyẹn ràn lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè yege WAEC láéláé, bí ẹ fún un ní wákàtí mẹ́wàá, ibi tó wà náà ló máa wà.

Ẹ jẹ́ ká wá rántí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ti ń ṣe kọ́ọ̀sì kúkúrú tí kò kan JAMB tẹ́lẹ̀: kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè. Ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà náà nílò ibi tí yóò ti fi iṣẹ́ náà dánra wò, ó sì lè dúró ti àwọn ọ̀dọ́ yìí. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan láàárín Adó sí Ìkẹ́rẹ́ bá fẹ́ mú ọ̀dọ́ mẹ́rin wọlé láti fi bẹ̀rẹ̀, owó oṣù ẹni tí yóò máa darí ètò náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.