Credentialing: ìwé tí HMO ń yẹ̀ wò kó tó sanwó

Dókítà lè ní láísẹ́ńsì, kí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Iléṣà ní bẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀sì tó péye, síbẹ̀ kí HMO, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, má san kọ́bọ̀ fún un. Láísẹ́ńsì ń sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú aláìsàn. Credentialing jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ sanwó: ó ń yẹ ìwé dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti ti ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ wò, ó ń bi àwọn tó fún wọn níwèé bóyá òótọ́ ni, kó tó kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn tí yóò máa sanwó fún.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò NHIS, ló ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó bá HMO kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ̀wé. Ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Orúkọ ló ń dá ìwé dúró jù. Ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì: ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀), ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀, ìwé báǹkì. Bí ọ̀kan bá kọ "Hospital", tí òmíràn kọ "Clinic and Maternity", ilé ìwòsàn méjì ni lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Dókítà obìnrin tó fi orúkọ bàbá gboyè, tó ń fi orúkọ ọkọ ṣiṣẹ́, ní láti ní ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn, kó sì kọ́kọ́ yí i padà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń fún dókítà ní láísẹ́ńsì.

Lẹ́yìn orúkọ, ọjọ́ ló kù. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni láísẹ́ńsì ọdọọdún MDCN ń dópin. Ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá lè jẹ́ oṣù Kìn-ín-ní ni wọn yóò ṣí i, láísẹ́ńsì inú rẹ̀ á sì ti kú. Kí pọ́ìntì CPD (ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́nu iṣẹ́) dókítà tètè pé, nítorí òun ni MDCN ń wò kó tó fún un ní tuntun.

Ẹ má fi orúkọ dókítà tí kì í wá síbi iṣẹ́ yín kún iye. Àwọn olùyẹ̀wò ń wá, wọ́n sì ń wo rọ́sítà, ìwé tó ń fi ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ hàn.

Ìtọ́jú tí ẹ ṣe ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú àdéhùn, ẹ má retí owó rẹ̀. Ẹni tó bá mú káàdì HMO wá ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sọ fún un kó tó jókòó pé HMO kò tíì ní sanwó fún yín. Bí kò bá jẹ́ pàjáwìrì, tó sì jẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ló forúkọ sílẹ̀ sí, ibẹ̀ ni kó lọ.