Ta ló ní ẹyẹ skua ò lè ṣọdẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń bí mi nínú. Tí wọ́n bá ti dárúkọ skua, ẹyẹ òkun kan báyìí, nǹkan tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ju pé olè ni, ọ̀lẹ ni, kò lè wá oúnjẹ fúnra ẹ̀. Pé ó ń jalè, ta ló ń jiyàn ìyẹn? Tẹ́ ẹ bá dé Shetland, àwọn erékùṣù kan ní Scotland, tàbí Iceland lásìkò tí àwọn ẹyẹ ń tọ́mọ, ẹ máa rí puffin, ẹyẹ òkun mìíràn, tó ń bọ̀ látojú òkun, ẹja sandeel wẹ́wẹ́ tò sí i lẹ́nu, ó ń sáré kó lè wọ ihò ẹ̀, skua á gbá a yá, puffin á yí sọ́tùn-ún yí sósì, nígbà tó bá rí i pé apá òun ò ká a mọ́ á ju ẹja sílẹ̀, skua á sì hán an kó tó kan omi.

"Kò lè ṣọdẹ" yẹn ni mi ò gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò tá à ń wò, etí òkun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ kóra jọ sí ni wọ́n ti yà á, ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹja kọjá níwájú ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ wá lọ sí pápá tundra, ilẹ̀ olótùútù tí kò sí igi ńlá, ní Alaska tàbí Siberia, skua kan náà tí ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo tó ìdajì kílò yìí (Arctic skua ni mò ń sọ), ẹyẹ kéékèèké, eku lemming, ẹyin àti kòkòrò ló ń wá kiri, kódà ó ń jẹ èso igbó. Ìbátan ẹ̀ tí ìrù ẹ̀ gùn tiẹ̀ gbára lé lemming débi pé lọ́dún tí lemming bá wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kì í yé ẹyin rárá. Tó bá jẹ́ olè nìkan ni wọ́n ń jà jẹun, kí ló kàn wọ́n nínú eku tó wọ́n? Skua ńlá tí àwọn ará Shetland ń pè ní bonxie sì ńkọ́, puffin fúnra ẹ̀ ló ń pa jẹ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wọ́n ń ṣe fún ẹyẹ yìí.

Mi ò sọ pé kò sí àwọn tó jẹ́ pé olè jíjà ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn o, wọ́n wà, pàápàá létí òkun. Ó jọ pé ibi tí kálukú wọn bá ara ẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa jẹun.

Tí skua bá wá já ṣòòrò lé yín lórí, ọdẹ kọ́ nìyẹn, ìtẹ́ ẹ̀ lẹ sún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ na ọ̀pá sókè ju orí yín lọ, torí ibi tó bá ga jù ló sábà máa ń gbá, kẹ́ ẹ sì padà kíá, torí gbogbo ìgbà tó fi ń lé yín yẹn, ẹyin ẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá rí òkú ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, bird flu pa bonxie rẹpẹtẹ ní Scotland lọ́dún 2022.