Ẹ Bèèrè Ohun Tó Wà Nínú Tírà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan láti Ọjà'ba mú tírà ọmọ rẹ̀ wá fún mi pé kí n tún un rán, nítorí pé okùn rẹ̀ ti já. Bí mo ti fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òórùn òógùn jáde. Bébà inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ awọ, tàdáwà sì ti ṣàn pọ̀ débi pé "Kúlì" nìkan, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí 'Sọ', ni mo rí kà. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ó ní àáfà kò sọ fún òun, òun náà kò sì bèèrè.

Awọ kọ́ ni tírà. Ohun tí a kọ ni. Èyí tí èmi máa ń kọ ni Áyátù Kúrúsìyù, ìyẹn ẹsẹ 255 nínú Súrátù Bàkárà, pẹ̀lú Súrátù Falaki àti Súrátù Nási. Àwọn mìíràn a máa kọ hátímù, ilé mẹ́sàn-án tí a to 1 dé 9 sí lọ́nà tí ìlà kọ̀ọ̀kan, ní òró àti ní ìbú, yóò fi jẹ́ 15. Ìṣirò náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n n kì í kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí n kò rí àdúrà kankan nínú rẹ̀.

Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Hádíìsì kan tí Ahmad, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gbà wá sọ pé ẹni tó bá so tàmímà, ìyẹn ohun tí a ń so mọ́ra fún ààbò, ti ṣẹbọ. Síbẹ̀ Rìsálà, ìwé òfin ẹ̀sìn tí àwa ọmọ ilé kéwú tó ń tẹ̀ lé ìlànà Imam Màlíkì ń kà, ní kò sí aburú nínú èyí tí Àlùkùránì wà nínú rẹ̀. Rìsálà ni mo tẹ̀ lé, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àáfà ọ̀dọ́ n'Ìbàdàn kò ní gbà fún mi. (Nígbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, ní 1835, àwọn aláṣẹ bá tírà lára wọn, nígbà tí wọ́n sì tú u, ẹsẹ Àlùkùránì ni wọ́n bá nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀.)

Nítorí náà, kí àáfà kọ ọ́ lójú yín, kí ó sì kà á sókè kí ó tó ká a. Kí ó fi ọ̀rá wé bébà náà dáadáa kí awọ tó bò ó. Bí ibà bá mú ọmọ, ọsíbítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ má sì so okùn mọ́ ọmọ ọwọ́ lọ́rùn sùn, torí ó lè fún un lọ́rùn. Ara ògiri, lókè ibi tí ọmọ náà ń sùn sí, ni mo ní kí ìyá yẹn gbé tirẹ̀ kọ́.