Ọ̀dà kì í pa ìpẹtà

Ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, tí ara ọkọ̀ bá ti ń dógùn-ún, ohun kan náà ni tọmọdé tàgbà máa ń wí: "Kùn ún lọ́dà, ó parí." Wọ́n gbà pé ìpẹtà tí kò bá ti rí òjò àti afẹ́fẹ́ mọ́ á kú síbẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìgbàgbọ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n pàdánù ọkọ̀ bàbá mi.

Peugeot 404 ni ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọdún 1960 ni Peugeot gbé e jáde, Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀. Ní ọdún 1963 ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku, ó sì tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ ti wá, pé irin ayé àtijọ́ kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnì 404 lágbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba kòtò. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ kò ní síńkì tí wọ́n fi ń bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ọdún 1985 ni Audi ti Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síńkì bo gbogbo ara Audi 100. Nínú ọkọ̀ bíi ti bàbá mi, ọ̀dà nìkan ló dúró láàárín irin àti omi, ọ̀dà náà sì ti gbó.

Nígbà tí ojú Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló sì wà tí ewé ń já lé e lórí láti ọdún dé ọdún. Lọ́jọ́ tí mo pinnu pé màá tún un ṣe fúnra mi, ohun tí mo kọ́kọ́ lọ rà ni ọ̀dà. Mo fi sánpépà ra ojú ibi tó ti pọ́n, mo kùn ún ní funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dán. Bàbá jáde, ó fi ọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì súre fún mi.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tán tí ọ̀dà náà fi lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan nínú ròrò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Ó fọ́ pẹ́ẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, nǹkan pupa rírọ̀ sì yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹrẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Ó tutù. Ọjọ́ mẹ́rin ni òjò kò ti rọ̀, oòrùn ń ta ganrínganrín lórí mi, síbẹ̀ omi wà lábẹ́ ọ̀dà tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Bí ọ̀dà bá ń dí ọ̀nà omi lóòótọ́, ibo ni eléyìí ti wá?

Ohun tí kò yé mi nígbà yẹn ni pé ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ irin. Irin náà fúnra rẹ̀ ló yí padà. Tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mìíràn, nǹkan pupa tó ń rún wómúwómú. Ihò kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kún inú ìpẹtà, bí ihò ṣe kún inú kànìnkànìn. Bí kànìnkànìn náà ló sì ṣe ń mu omi tó sì ń gbà á dúró. Nígbà tí mo kun ọ̀dà lé e lórí, kànìnkànìn tó ti mu omi yó ni mo dé mọ́ ara irin.

Ọ̀dà pàápàá kì í dí pátápátá. Ooru omi inú afẹ́fẹ́ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò máa mu ún, yóò máa jẹ irin lọ, yóò sì máa wú, nítorí ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ó kéré tán á tó ìlọ́po méjì, ó sì lè tó ìlọ́po mẹ́fà. Ohun tó gbé ọ̀dà mi sókè nìyẹn. Ti iyọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ ìlú wa, òkun kò sì jìnnà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa ní iyọ̀ nínú. Omi iyọ̀ máa ń mú kí irin tètè jẹ ju omi lásán lọ. Ọkọ̀ tó bá wà ní Kétu, tó jìnnà sí òkun, á pẹ́ díẹ̀ ju tiwa lọ kó tó jẹ, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún náà.

Àwọn tó ń tọ́jú ilé ìṣọ́ Eiffel ní Paris mọ èyí. Láti 1889 ni irin náà ti dúró sí gbangba, bí ọdún méje méje ni wọ́n sì máa ń kùn ún. Kí wọ́n tó kùn ún, wọ́n á kọ́kọ́ ha ibi tí ìpẹtà bá ti mú.

Èmi kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà, torí náà mo tún ṣe àṣìṣe kejì. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe tólìyé, àwọn tó ń na irin ara ọkọ̀. Ó ní, "Àbúrò, mástíkì ló máa yanjú ẹ̀." Ó lu ibi tó wú wọlé, ó fi mástíkì, nǹkan rírọ̀ bí àmọ̀ tó máa ń le tó bá gbẹ, dí i, ó ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, ó sì kùn ún. Inú mi dùn. Kí ọyẹ́ tó dé, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ọjà Ouando, mo sì gbọ́ ìró gbì lẹ́yìn mi. Odidi abala mástíkì kan ló já bọ́ sílẹ̀ ní títì, ọ̀dà ṣì ń dán níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Mástíkì kì í lẹ̀ mọ́ irin tó ti dípẹtà. Ìpẹtà ló ń lẹ̀ mọ́, ìpẹtà ọ̀hún sì ti ń já kúrò lára irin. Tí omi bá tún rí ọ̀nà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, mástíkì á gbà á mọ́ra.

Ẹnì kan ló kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ ibi tí irin ti tán. Ẹ fi áńkáṣífù tín-ín-rín wé òòfà kékeré, kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ máa gbé e lé ara ọkọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Níbi tí irin gidi wà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, òòfà á fà mọ́ ọn. Níbi tí mástíkì bá nípọn, á yọ̀ dànù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ yí 404 ká, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí kò ti fà. Ìgbà tí mo parí, ọkọ̀ funfun náà ti di alámì tótòtó.

Èyí tó ká mi lára jù ni irin gígùn tó wà nísàlẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn, ibi tí ẹsẹ̀ ń ré kọjá kí èèyàn tó wọlé. Bas de caisse ni àwọn tólìyé ń pè é. Òòfà fà mọ́ ọn dáadáa, mo sì rò pé ó yè. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo fi ìṣó ńlá kan gún un láti ìsàlẹ̀. Ìṣó náà wọlé dé orí. Mo fà á yọ, ìpẹtà sì dà sí mi lójú bíi gàárì pupa. Inú irin yẹn ṣófo, wọ́n sì dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jò dànù. Ewé máńgòrò àti eruku ti dí gbogbo ihò ọ̀hún. Omi tó wọlé kò rí ọ̀nà jáde, inú ló sì ti ń jẹ irin bọ̀ wá síta. Kò sí ọ̀dà kankan tí mo lè kùn síta tó máa dé ibẹ̀. Ara 404 kò dá dúró lọ́tọ̀ lórí férémù, irin yẹn sì wà lára ohun tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó tó, ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Èyí ni kò jẹ́ kí n tà á.

Nísinsìnyí, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Irin tó bá ti jẹ tán, a gé e dànù títí a fi kan irin tó mọ́, jórinjórin á sì jó irin tuntun sí i. Ẹ kọ́kọ́ yọ táǹkì epo kúrò, kí ẹ tú bátìrì, kí gbogbo ìgò kpayo, epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, sì jìnnà sí ibẹ̀, torí ooru epo nìkan tó láti gbiná. Kí ẹ sì fi òpó gbé ọkọ̀ dúró dáadáa lábẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn lára rẹ̀, kí ẹ tó gé irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Èmi tú ilẹ̀kùn kúrò, mo gé apá òsì, a jó tuntun sí i, ìgbà tí mo dá ilẹ̀kùn padà, kò pa dé mọ́. Ọkọ̀ náà ti tẹ̀ díẹ̀ láàárín. A tún gé gbogbo ẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ìpẹtà kò bá tíì wọ̀ jinlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni, títí irin á fi funfun. Àwọn oògùn ìpẹtà tí wọ́n ń tà nínú ike ń ṣiṣẹ́, pàápàá èyí tó ní ásíìdì fọ́sífóríìkì nínú. Ó máa ń sọ ìyókù ìpẹtà tín-ín-rín di nǹkan mìíràn tí ọ̀dà lè dì mú. Tí ẹ bá dà á lé èyí tó nípọn tó ń ṣí bí èèpo igi, òkè nìkan ló máa dé. Àwọn irin kéékèèké, bíi nọ́ọ̀tù àti ìkọ́, mo máa ń rì wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, màá fọ̀ wọ́n, màá sì sá wọn sóòrùn lójú ẹsẹ̀. Níhìn-ín, irin tó bá wà ní ìhòòhò lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín wákàtí mélòó kan, nítorí náà ọjọ́ tí mo bá ha á náà ni mo máa ń kun ọ̀dà àkọ́kọ́. Tó bá gbẹ tán, màá rọ ìda yíyọ́ sínú àwọn irin oníhò, màá sì gún gbogbo ihò ìsàlẹ̀ kó ṣí.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ń fi pa abẹ́ ọkọ̀. Lára irin tó mọ́, ó ń lé omi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń kó eruku jọ, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ọ̀dà kì í sì í mú níbi tó bá ti wà. Èmi kì í lò ó.

Apá òsì àti ilẹ̀ inú ọkọ̀ ti parí. Òjò ọdún kan ti rọ̀ lé wọn lórí, mo fi ọwọ́ pa wọ́n, wọn kò lé ròrò. Ìyókù ni ilẹ̀kùn ọ̀tún iwájú, tí mo ti tú, tí mo gbé ti ògiri nínú ilé. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ojú kò rí àléébù kankan lára rẹ̀, Bàbá sì ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé òòfà lé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò fà.