Kí Ló Dé Tí Sàlúùnù Tí A Gé Di Píkọ́ọ̀pù Fi Ń Tẹ̀ Níbàdí?

Àbúrò mi kan tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìkòyí, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ló jogún Peugeot 504 bàbá wa. Sàlúùnù ni, ó sì ti wà lójú kan láti ìgbà tí bàbá ti ṣaláìsí. Ó fẹ́ gé e di píkọ́ọ̀pù kí ó lè máa fi kó ẹ̀gẹ́ wálé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ ná kí ayùn tó kan irin, mo sì kọ ohun tó béèrè àti ohun tí mo fi dá a lóhùn síbí, nítorí àwọn tó ní irú èrò yìí kò mọ níwọ̀n.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ilé iṣẹ́ Peugeot fúnra wọn ló gé sàlúùnù 504 tí wọ́n fi rí píkọ́ọ̀pù? Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Ìdáhùn: Ojú nìkan ni wọ́n fi jọra. Láti ìmú ọkọ̀ títí dé ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ mìíràn ni. Ọdún 1968 ni sàlúùnù 504 jáde nílẹ̀ Faransé, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sì dé àfi ní 1979. Tí o bá wọn àlàfo tó wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn, ti sàlúùnù jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 274, ti wágọ̀n jẹ́ 290, ti píkọ́ọ̀pù sì tó 300. Sípíríǹgì tí a ká bí ejò ló gbé ìdí sàlúùnù, ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì, nítorí pé èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Wágọ̀n ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan píkọ́ọ̀pù, wọ́n fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí a tò léra bíi ti lọ́rì sí i, wọ́n sì na irin gígùn tó nípọn sábẹ́ àyè ẹrù. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gé òrùlé tiwa lókè, tí kò fọwọ́ kan ìsàlẹ̀, kò tíì ṣe ohun tí Peugeot ṣe.

Ìbéèrè: Kí ni òrùlé wá ní í ṣe pẹ̀lú ẹrù? Òkè ni òrùlé wà, ilẹ̀ ọkọ̀ ni ẹrù ń jókòó lé.

Ìdáhùn: Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó wà láyé. Ọ̀kan ní ṣáásì, ìyẹn irin gbọọrọ méjì tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí a wá gbé bọ́dì lé lórí bí ìgbà tí a gbé àga lé pèpéle. Bí o bá gé bọ́dì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò pátá, ṣáásì yóò ṣì dúró. Èkejì kò ní ṣáásì rárá: páànù ilẹ̀, òpó ilẹ̀kùn, òrùlé, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ni a jó pọ̀ di àpótí kan, àpótí náà ló sì ń ru ẹrù. Irú èyí ni sàlúùnù 504.

Mú páálí kan tí a lẹ̀ pa, kí o fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ. Yóò le mọ́ ọ lọ́wọ́. Wá gé ìdérí rẹ̀ kúrò, kí o tún un lọ́. Yóò rọ̀ bí aṣọ, bẹ́ẹ̀ páálí náà kò yí padà. Bí ẹrù ṣe ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fẹ́ kí àárín rẹ̀ ká, òrùlé ló sì máa ń fà á padà láti òkè. Nígbà tí òrùlé bá ti lọ, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló kù, a kò sì ṣe é láti dá ru irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn: ilẹ̀kùn á kọ́kọ́ le láti ṣí, lẹ́yìn náà yóò máa fúnra rẹ̀ ṣí nínú kòtò. Mo ti rí ọ̀kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí awakọ̀ fi okùn so ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́ra, ẹ̀rù sì bà mí fún un.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé tipẹ́tipẹ́ ni àwọn òyìnbó ti ń sọ ọkọ̀ kéékèèké di píkọ́ọ̀pù.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ní Ọsirélíà, ìyàwó àgbẹ̀ kan ni a gbọ́ pé ó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ Ford pé àwọn ń fẹ́ ọkọ̀ kan tí yóò gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí yóò sì gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé. Lewis Bandt ló ya àwòrán rẹ̀ ní Geelong, ó sì jáde ní 1934. Ní Amẹ́ríkà, Ford gbé Ranchero jáde ní 1957, Chevrolet sì fi El Camino tẹ̀ lé e ní 1959. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà ní ṣáásì lábẹ́, ìdí nìyẹn tí ìyípadà wọn fi rọrùn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Morris Minor ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sàlúùnù rẹ̀ kò ní ṣáásì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní 1953, wọ́n lọ ṣe ṣáásì sí i.

Ìbéèrè: Ìjàpá ńkọ́? Volkswagen náà kò ní ṣáásì.

Ìdáhùn: Ó ní páànù ilẹ̀ tó ní irin bí ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn láàárín, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni a sì fi de bọ́dì mọ́ ọn, nítorí náà ó fara da gígé ju 504 lọ. Ìṣòro tirẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí, tí kì í lo omi, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó gba ihò abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn wọlé ló ń tù ú lára. Bí a bá fi àyè ẹrù bo ihò yẹn, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná títí yóò fi jóná.

Ìbéèrè: Bí mo bá ṣì fẹ́ ṣe é ńkọ́?

Ìdáhùn: Wá ajórin tó mọ iṣẹ́, kí ẹ sì yọ táńkì epo kúrò lára ọkọ̀ pátápátá kí iná tó dé ibẹ̀, nítorí táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ: òórùn epo inú rẹ̀ ló ń bú gbàù. Ẹ tú orí bátìrì. Kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí igi tó dúró déédéé, kí ẹ jó irin ìgbéró mọ́ ojú ilẹ̀kùn iwájú, kí ó má baà ká nígbà tí ẹ bá ń gé e. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ na irin oníhò méjì sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fún irin abẹ́ ilẹ̀kùn lágbára, kí ẹ sì mọ ògiri irin sẹ́yìn ìjókòó láti dípò ohun tí òrùlé ń ṣe. Ìgbà yẹn ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé òrùlé. Gbogbo àwọn tí mo rí tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ ló gé e ṣáájú.

Ìbéèrè: Ẹrù mélòó ni yóò lè gbé?

Ìdáhùn: Má ṣe ju ohun tí sàlúùnù ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ. Èèyàn márùn-ún àti ẹrù wọn kò ju àpò símẹ́ńtì mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ, nígbà tí àpò kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Bí iná iwájú bá ti ń wo ọ̀run, ẹrù ti pọ̀ jù. Bíréèkì ẹ̀yìn náà yóò máa di táyà mú ṣinṣin nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, pàápàá lójú ọ̀nà tó tutù. Jọ̀wọ́, má gbé òṣìṣẹ́ oko sẹ́yìn. Kí o sì lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe, torí sàlúùnù ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán, mo ní kí ó yọ kápẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi irin ṣóńṣó gún páànù ilẹ̀ yí ká. Ó pè mí lálẹ́ pé irin náà wọlé ní ibi méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi tó ti dípẹtà. Àwọn ibi méjèèjì yẹn ni ajórin yóò kọ́kọ́ tún ṣe. Ayùn ṣì wà nílé.