Ìdí tí sáúńdì káàdì kò fi kúrò lórí USB 2.0

Ọmọ iṣẹ́ mi kan níbí, l'Adó-Èkìtì, ra sáúńdì káàdì tuntun, àpótí tó ń gbé ohùn máíkì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹnu USB-C tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló dùn mọ́ ọn nínú jù, àfi ìgbà tó ka ara páálí tó rí USB 2.0 níbẹ̀. Ó ní: “Ọ̀gá, ṣé wọn ò ti rẹ́ mi jẹ báyìí?”

Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. USB-C ń sọ bí ẹnu ṣe rí, USB 2.0 ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe yá tó. Ọgbẹ́ FireWire lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

FireWire, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ kọ̀ǹpútà, tó di ìlànà lọ́dún 1995, lè gbé 400 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. USB 1.1 tó dé lọ́dún 1998 kò lè gbé ju 12 lọ. Ta ni ò ní mú FireWire? Àwọn tó ń ṣe sáúńdì káàdì kó owó lé e. Àmọ́ lọ́dún 2008, Apple gbé MacBook aláyọ́mínì jáde láìní ihò FireWire kankan. Thunderbolt, ihò tuntun míì, dé lọ́dún 2011. Báyìí ni àpótí olówó ńlá, tí nǹkan kan ò ṣe, di èyí tí wọ́n ń wá àdápítà kiri fún. Oró yẹn ò tíì tán lára wọn.

USB 2.0, tó jáde lọ́dún 2000, kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àní nínú ẹnu USB-C, àwọn wáyà tó ń lò ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí a bá ń gba ohùn àwọn ìyá tó ń kọ Àlàmọ̀, máíkì kan wà níwájú ìyá tó ń lé, ìkejì wà fún àwọn elégbè. Ohùn máíkì kan, ní bíìtì 24 àti 48 kHz, jẹ́ 1.152 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá. Kódà kí máíkì pé 32, kò tó 37. Ojú ọ̀nà USB 2.0 gba 480!

Pípẹ́ tí ohùn ń pẹ́ kó tó dé etí akọrin ló ń dà wá láàmú, wáyà kọ́ ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Búfà inú kọ̀ǹpútà, ibi tí ohùn ti ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lé e lórí, àti dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti àpótí gbọ́ ara wọn yé, ni. Sáńpù (ègé ohùn kéékèèké) 128 nínú búfà, ní 48 kHz, ìyẹn 48,000 sáńpù ní ìṣẹ́jú àáyá, ti gba nǹkan bí ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kí wáyà yá ju mànàmáná lọ. Ibi iṣẹ́ wà nìyẹn. Ọdún 2006 ni USB Audio Class 2, ìlànà bí ohùn ṣe ń gba USB kọjá, jáde, ọdún 2017 ni Windows tó ní dráífà tirẹ̀ fún un. Fún ọdún 11, àwọn ilé iṣẹ́ ní láti wá dráífà tiwọn fún Windows. Dráífà tó ti dúró dáadáa, wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Zoom ti Japan, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ìgbohùn, gbìyànjú USB 3.0, tó yá ju 2.0 lọ, lára sáúńdì káàdì wọn, UAC-2, lọ́dún 2014. Ọ̀pọ̀ ò tẹ̀ lé wọn.

Àpótí ọlọ́máíkì méjì kì í mu iná púpọ̀, 500 mA iná tí ihò USB 2.0 ń gbé jáde láti ara kọ̀ǹpútà máa ń tó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan ń lé Àlàmọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Fáànù dúró. Ọmọ iṣẹ́ mi wo ojú mi, mo na ìka sí iná kékeré ara àpótí rẹ̀. Kò kú. Ìyá ò tilẹ̀ la ojú, wọ́n ń kọrin wọn lọ, a sì gbà á dé òpin.