Kóòṣì tó lọ síṣẹ́ nílùú onílùú ò lọ kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù o

Báwo ni agbábọ́ọ̀lù ṣe ń di kóòṣì orílẹ̀-èdè míì? Ẹ jẹ́ ká fo ti ìwé-ẹ̀rí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù tó bá ti fẹ̀yìn tì, tó sì fẹ́ ṣe kóòṣì, á lọ gba kọ́ọ̀sì, á gba láísẹ́ńsì, lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní ikọ̀ kan. Stephen Keshi, káptẹ́ẹ̀nì Super Eagles nígbà kan, náà ṣe tiẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Ibi tó dùn, táwọn èèyàn sì máa ń ṣì lóye jù, ni ohun tí kóòṣì orílẹ̀-èdè ń ṣe gan-an tó bá dé ẹnu iṣẹ́.

Tí ikọ̀ bá ti fìdí rẹmi báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé "kóòṣì yìí ò kọ́ wọn ní nǹkan kan". Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń súni. Kó kọ́ wọn nígbà wo? Kíláàbù ló ni agbábọ́ọ̀lù, kíláàbù ló ń san owó oṣù ẹ̀, àwọn ọjọ́ díẹ̀ tí FIFA yà sọ́tọ̀ lọ́dún nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: Sọ́ńdè ló gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù ẹ̀ ní Yúróòpù, Mọ́ńdè ló wọ bàálù, ó dé kámpù lóru, Túsìdè ara ṣì ń ro ó, wọ́n á kàn sáré díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀, Wẹ́sìdè ni ìgbáradì gidi, Tọ́sìdè wọ́n á yẹ bí wọ́n ṣe máa dúró sí kọ́nà àti fíríkíìkì wò, Fúráìdè bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbáradì gidi ẹyọ kan, bóyá méjì, ìyẹn náà nìyẹn.

Ó dà bí alásè tí wọ́n pè sí ìnáwó nílé onílé. Àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an ló dé, kò bá wọn lọ sọ́jà, ohun tó bá nílẹ̀ ló máa sè. Kóòṣì kíláàbù tí ò bá ní ẹni tó máa dúró lẹ́yìn lápá òsì á ní kí wọ́n lọ ra ọ̀kan wá, ti orílẹ̀-èdè ò rọ́jà ná, bí ata ò bá sí nílé, ọbẹ̀ yẹn ò ní ta lẹ́nu nìyẹn. Ààrò sì rèé kò dọ́gba, ẹni tó ń báa koná ò gbọ́ èdè ẹ̀, ìyálé ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní báyìí kọ́ làwọn máa ń sè é níbí, àwọn àlejò sì ti jókòó... alásè yìí ti fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Keshi ní Togo.

Ọdún 2004 ni Keshi gba ikọ̀ Togo. Senegal tó dé kọ́tà fáínà ní ife àgbáyé 2002 wà ní gúrúùpù wọn nínú ìdíje láti dé ife àgbáyé 2006, Zambia sì na Togo níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Síbẹ̀ Togo parí ẹ̀ pẹ̀lú póìntì 23, Senegal ní 21, Togo ló sì lọ sí ife àgbáyé. Emmanuel Adebayor nìkan jẹ góòlù 11. Keshi kọ́ ló kọ́ Adebayor bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àwọn kíláàbù ẹ̀, Metz àti Monaco, ti ṣe ìyẹn, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí bọ́ọ̀lù máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kà kún. Kí Keshi tó dé Lokeren àti Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀mù, Abidjan ló ti gbá bọ́ọ̀lù, ó sì tún dé Strasbourg lẹ́yìn náà, torí náà ó gbọ́ Faransé, èdè tí wọ́n ń lò ní Togo. Ìsinmi ìlàjì bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ yọ èyí tí wọ́n fi rìn wọlé, tí wọ́n fi mu omi, tí wọ́n á tún fi rìn jáde, mélòó ló kù? Tó bá wá jẹ́ pé ògbufọ̀ ló ń túmọ̀ gbogbo ẹ̀, ìdajì èyí tó kù yẹn tún lọ nìyẹn. Ohun tó rí he nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri ló ná ní Togo, òun náà ló tún ná ní Mali lẹ́yìn náà.

Nígbà tó wá dórí Super Eagles, ó wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ò tó yẹn: ó kó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́ra, torí àwọn yẹn wà nítòsí, wọ́n ṣeé pè sí kámpù nígbà tí ti Yúróòpù ò tíì lè dé. Ọ̀kan nínú wọn, Sunday Mba, ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tá a fi gba AFCON (ife ilẹ̀ Áfíríkà) 2013 mọ́ Burkina Faso lọ́wọ́. Káptẹ́ẹ̀nì ikọ̀ tó gba ife náà ní 1994 wá di kóòṣì tó gba ife kan náà.

Ibi tí ètò yìí ti bàjẹ́ ni ọwọ́ àwọn fẹdẹréṣọ̀n, àwọn àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè. Ìdíje láti dé ife àgbáyé gbà ju ọdún kan lọ, AFCON tí Togo lọ ní Íjíbítì níbẹ̀rẹ̀ 2006 ò ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ni wọ́n fi lé Keshi lọ. Nàìjíríà náà ti ṣe é fún Shaibu Amodu lẹ́ẹ̀mejì: ó gbé wa dé ife àgbáyé 2002, wọ́n gbé e fún Adegboye Onigbinde, ó gbé wa dé ti 2010, wọ́n gbé e fún Lars Lagerbäck. Ẹni tó sè é kọ́ ló ń bu ú.

Kóòṣì míì, Otto Pfister, ni Togo wá gbé lọ sí ife àgbáyé 2006 ní Jámánì. Ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kojú South Korea, òun náà bínú kúrò ní kámpù torí wàhálà owó bọ́nọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù, kó tó tún padà wá.